Kọ̀ǹpútà 38, ìlú mẹ́ta, iná tí kì í dúró: irinṣẹ́ wo ni ká fi máa bójú tó wọn láti ọ̀nà jíjìn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́. A ní ọ́fíìsì ní Tákíè níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, òmíràn wà nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, èyí tó kéré jù wà ní Ìkòyí-Ilé. Kọ̀ǹpútà 38 ló wà níkàáwọ́ mi, èmi nìkan sì ni. Tí wọ́n bá ní kí n fi sọ́fítíwià kan sórí gbogbo wọn, màá ki fláàṣì bọ àpò, màá wọ mọ́tò, màá máa ti ìdí ẹ̀rọ kan bọ́ sí ìdí òmíràn. AnyDesk ni mò ń lò tí ẹnì kan bá pè mí pé nǹkan ò lọ. Ẹnì kan ní kí n gba Intune ti Microsoft, òmíràn ní PDQ, ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ní Ansible ni ọkùnrin ń lò. Ọ̀gá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ní máa san dọ́là lóṣooṣù. Èwo ni kí n mú?

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun táwọn èèyàn ti sọ sí i. Ohun méjì ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra wọn.

AnyDesk, TeamViewer àti RustDesk, wíwo ojú ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ wọn. Wọn kì í gbé sọ́fítíwià sórí ẹ̀rọ 38 lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ fi AnyDesk gbé LibreOffice (sọ́fítíwià ọ́fíìsì ọ̀fẹ́) kiri, ẹ ó tẹ Next, Next, Next lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ á fi máa ro yín. Iṣẹ́ fláàṣì náà ni, owó mọ́tò nìkan lẹ fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìlò (license) tún wà níbẹ̀. TeamViewer àti AnyDesk tó jẹ́ ọ̀fẹ́, fún ìlò ara ẹni ni. TeamViewer tó bá fura pé iṣẹ́ lẹ fi ń ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í já yín lẹ́nu ọ̀rọ̀, ìgbà tí akápò ń pariwo létí yín gan-an ló sì máa ń já. Tó bá jẹ́ pé wíwò lásán lẹ fẹ́ máa wo ẹ̀rọ àwọn èèyàn yín, RustDesk àti MeshCentral kò ní dá yín dúró, torí gbangba ni kóòdù wọn wà, ẹ sì lè gbé wọn sórí server tiyín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn tó kù lóhùn.

Gbígbé sọ́fítíwià àti update kiri, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Òun lẹ ń béèrè, òun ni màá dáhùn.

* * *

*"PDQ Deploy, ó bùṣe. Ẹ má da ara yín láàmú."*

Ẹni tó kọ èyí láti Ọ̀yọ́, mo gbọ́ yín, mo sì fẹ́ràn PDQ Deploy. Níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti wà lórí waya kan, tí iná sì wà, mi ò tíì rí èyí tó yá tó o. Ẹ yan ẹ̀rọ, ẹ yan sọ́fítíwià, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó ti débẹ̀. Kò ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ohunkóhun sínú ẹ̀rọ náà.

Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà. Láti orí ẹ̀rọ yín ló ti ń wọ admin share ẹ̀rọ kejì (fódà tí alábòójútó nìkan lè ṣí), port 445 ló ń gbà, ẹnu ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì, password alábòójútó ló sì ń fi wọlé. Ẹ̀rọ kejì gbọ́dọ̀ wà ní títàn lásìkò tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, kó sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú yín, tàbí kí ẹ so ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ pẹ̀lú VPN, ọ̀nà àdáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣí port 445 sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì kí Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó, gbà jà lóṣù karùn-ún 2017.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà àwọn irinṣẹ́ yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ ṣètò iṣẹ́ sí aago méjì òru, nígbà táwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé. Aago méjì òru ní Tákíè? Ta ló fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn? Àwọn kan ò tiẹ̀ pa ẹ̀rọ nìkan, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri nítorí iná tó máa ń dé tipátipá lóru. Àwọn tó ń sọ pé Wake-on-LAN á jí i, ẹ rántí pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà nílò iná díẹ̀ kó tó lè gbọ́ ìpè. Ohun tí wọ́n ti yọ lára ògiri kò gbọ́ nǹkan kan.

Asìkò táwọn ẹ̀rọ wa ń wà ní títàn ni ìgbà tí jẹ́n bá ń ṣiṣẹ́, láàárọ̀ sí ọ̀sán. Asìkò yẹn náà ni ọmọ ẹgbẹ́ tò sẹ́nu kántà tí wọ́n fẹ́ san owó. Ọ́fíìsì Ọ̀yọ́ lè tan jẹ́n tiwọn nígbà tí tiyín kò tíì tàn. Irinṣẹ́ tó ń ti nǹkan ránṣẹ́ dà bí ẹni tó gbé ẹrù lọ bá onílé láìkọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà nílé: ìdajì ilẹ̀kùn tó bá kàn ló máa bá ní títì. Ọ̀fíìsì irú tiyín nílò èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lọ béèrè iṣẹ́ nígbàkígbà tó bá jí. Agent nìyẹn, ètò kékeré kan tó ń gbé inú ẹ̀rọ. Tí iná bá dé lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ kẹta ni yóò gba iṣẹ́ rẹ̀.

PDQ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe PDQ Connect, tó ní agent. Dọ́là ni wọ́n ń gbà fún un, ọ̀gá yín sì ti sọ tirẹ̀.

* * *

*"Ẹ ra server kan, ẹ fi Active Directory sí i. Group Policy á máa gbé sọ́fítíwià fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."*

Active Directory ni ètò tó ń kó gbogbo ẹ̀rọ sábẹ́ àkóso kan tí wọ́n ń pè ní domain, Group Policy ló sì fi ń pàṣẹ fún wọn. Ta ló fẹ́ san owó server náà? Ta ló fẹ́ san ti Windows Server, àti ìwé àṣẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó máa bá a sọ̀rọ̀? Ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Ká tiẹ̀ ní wọ́n ti rà á. MSI, irú fáìlì setup kan tí Windows mọ̀, nìkan ni Group Policy mọ̀ ọ́n gbé, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn ló sì ń fi í sórí rẹ̀. Ẹni tó dé ọ́fíìsì tí èrò ti ń dúró dè é á jókòó máa wo ojú ẹ̀rọ tí kò tíì jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ orúkọ tí yóò pè yín.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù: kí ẹ tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí kan tèmi, ẹ lọ wo Settings, System, About lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Windows Home ni, àbí Windows Pro? Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tí àwọn ọ̀gá ń fúnra wọn lọ rà lọ́jà, Home ló wà lórí wọn. Home kì í wọ domain, kì í gba Remote Desktop wọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ná owó lórí server tán kí wọ́n tó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ wọn kò lè dara pọ̀ mọ́ ọn. Agent kò bìkítà, ì báà jẹ́ Home, ì báà jẹ́ Pro. Bí ẹ ṣe ń wò ó lọ, ẹ kọ èyí tó ṣì wà lórí Windows 10 sílẹ̀, torí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Ẹni tó dárúkọ WSUS, ètò Microsoft tó ń pín update láti orí server yín: Microsoft kéde lóṣù kẹsàn-án 2024 pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ti ní in. Èmi ò ní fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

* * *

Ọ̀rọ̀ dátà ni àwọn ará Èkó ń fò dá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pa wá.

Ẹ bá mi ṣírò. Setup LibreOffice fún Windows, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ, ń lọ sí bíi 350MB. Lórí ẹ̀rọ 38, ó ti lé ní 13GB, sọ́fítíwià kan ṣoṣo nìyẹn, ká má tíì sọ ti èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lójijì tó tún ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ tó bá ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ wa setup tirẹ̀ wá láti òkè òkun, bó ṣe wù kó dára tó, yóò jẹ dátà oṣù kan tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin ni wọ́n máa pè, wọn ò ní pe ẹni tó ṣe irinṣẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan máa pa setup mọ́ fún àwọn tó kù. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn pín fódà lórí rẹ̀. Ibi tí ó ti máa ń dojú rú nìyẹn: agent ń ṣiṣẹ́ lórúkọ SYSTEM, àkáǹtì Windows fúnra rẹ̀, níbi tí kò bá sì ti sí domain, fódà tó ń béèrè password kò ní ṣí fún un. Ẹ ó rí àṣìṣe kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí, ẹ ó máa rò pé setup ló bàjẹ́. Ó sàn kí ẹ gbé web server kékeré kan kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, kó ṣí sí inú ọ́fíìsì nìkan. Windows 10 láti ẹ̀dà 1803 ti ní curl nínú, irinṣẹ́ kékeré tó ń wa fáìlì, nítorí náà iṣẹ́ tí ẹ máa rán agent kò ju kó fi curl wa fáìlì láti ibẹ̀, kó sì fi sórí ẹ̀rọ. Dátà ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ná fún ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan.

Ti Windows Update, Microsoft ti ṣe Delivery Optimization sínú rẹ̀: ẹ̀rọ kan á gba update, àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó wà ní títàn, kó sì jẹ́ ti inú ọ́fíìsì nìkan. Tí ẹ bá ti sọ Wi-Fi yín di metered (èyí tí Windows ń ṣọ́ dátà rẹ̀) kó má bàa jẹ dátà, ẹ ti pa á nìyẹn, ìgbà tí ẹ bá yọ metered náà kúrò ló tó máa ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan ní kí ẹ pa Windows Update pátápátá. Rárá o! Àtúnṣe tí ì bá dá WannaCry dúró ti jáde láti oṣù kẹta 2017, oṣù méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Àwọn tí kò tíì gba àtúnṣe náà ló kó o.

* * *

Ọ̀rọ̀ kúkurú fún ẹni tó béèrè bóyá irinṣẹ́ yìí lè gbé Office tí wọ́n já àṣẹ rẹ̀ kiri. Ó lè gbé e. Ẹ má ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ tí crack, ètò tí wọ́n fi ń já àṣẹ yẹn, sábà máa ń ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ pa antivirus, ẹ̀yin ẹ sì fẹ́ fi ọwọ́ ara yín pa á lórí ẹ̀rọ 38 tí owó àwọn ìyá ọlọ́jà wà nínú rẹ̀? LibreOffice ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Tí fáìlì Excel kan bá wà tí kò lè ṣí dáadáa, ẹ ra Office fún ẹni tó ń lo fáìlì náà nìkan.

* * *

Ansible ńkọ́? Irinṣẹ́ gidi ni, mo ń lò ó fún server Linux. Fún Windows, WinRM, ọ̀nà tí Windows fi ń gba àṣẹ láti ọ̀nà jíjìn, ló sábà máa ń gbà, port 5985 tàbí 5986, ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Linux tàbí macOS, tàbí WSL (Linux inú Windows). Òun náà ń ti nǹkan ránṣẹ́ ni. Ẹ padà lọ ka ohun tí mo sọ nípa iná. Ọ̀rẹ́ yín ní Èkó tó ní ọkùnrin ló ń lò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ilé tí iná wọn kì í lọ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Intune, irinṣẹ́ Microsoft tó ń bójú tó ẹ̀rọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: tí ẹgbẹ́ yín bá ti ń san Microsoft 365 Business Premium tẹ́lẹ̀ fún ímeèlì, ó wà nínú rẹ̀, ẹ lò ó. Tí ẹ kò bá san án, ẹ má tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

* * *

*"Action1 jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹ̀rọ 200. Kí la tún ń jiyàn lé lórí?"*

Òótọ́ ni. Ó ní agent, ó ń dúró de ẹ̀rọ tó ti pa, ó mọ bí àwọn ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì kan ṣe lè pín fáìlì láàárín ara wọn, ó sì ń jẹ́ kí ẹ wo ojú ẹ̀rọ, tó fi jẹ́ pé ẹ lè yọ AnyDesk kúrò. Fún ẹ̀rọ 38 àti ọ̀gá tí kò fẹ́ san dọ́là, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbé wò.

Ẹnì kan tó gbóná jẹ mí lórí èyí ní ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, wọ́n lè gbà á padà lọ́la, kí ẹ gbé Tactical RMM (irinṣẹ́ mìíràn tó ní agent) àti MeshCentral sórí server tiyín. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe asán. Àmọ́ ibo ni server náà máa wà? Tí ẹ bá gbé e sí Tákíè, ọjọ́ tí jẹ́n bá kọ̀ láti tàn, Ọ̀yọ́ náà ti fọ́jú. Tí ẹ bá yá a lókè òkun, dọ́là tún ti dé. Ta ló sì máa ṣe update server ọ̀hún nígbà tí ẹ bá lọ ìsinmi? Agent Tactical RMM tí kò ní ìbuwọ́lù, èyí tí ẹni tí kò san owó ìtìlẹ́yìn ń lò, antivirus máa ń fura sí i, ẹ ó sì máa bẹ antivirus lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn kan ni yín. Ẹni tó ní èèyàn méjì lábẹ́ rẹ̀ lè jà ìjà yẹn.

Ohun tó máa gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá yí ọkàn padà lórí ọ̀fẹ́ rẹ̀ ni pé kí setup àti àṣẹ wà lọ́wọ́ tiyín. Ẹ ní fáìlì kan tí ẹ kọ ọ́ sí bí wọ́n ṣe ń fi sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ láìsí pé ó béèrè ìbéèrè: MSI ń gba `/qn /norestart`, èyí tí wọ́n fi NSIS ṣe ń gba `/S`, S ńlá ni o, èyí tí wọ́n fi Inno Setup ṣe ń gba `/VERYSILENT` (NSIS àti Inno Setup, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe setup ni). Irinṣẹ́ yòówù kí ẹ kó lọ, àwọn àṣẹ yìí ò yí padà. Sọ́fítíwià ìṣirò owó tí ẹnì kan ṣe fún ẹgbẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kó má ní ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ pe ẹni tó ṣe é kó fi kún un, kó tó gba owó tó kàn.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé agent léwu: bẹ́ẹ̀ ni, ó léwu. Lóṣù keje 2021, àwọn olè REvil gba inú Kaseya VSA, irinṣẹ́ irú èyí kan náà, wọ́n sì ti fáìlì pa mọ́ ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín 800 sí 1,500 lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Kaseya fúnra wọn ṣe sọ. Coop, ilé-iṣẹ́ tó ní ilé ìtajà oúnjẹ ní Sweden, ti ọ̀pọ̀ ilé ìtajà wọn pa torí ẹ̀rọ ìgbowó kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ní password yín ní ẹ̀rọ 38.

Nítorí náà, ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì (kóòdù tí ẹ ń fi kún password) kí ẹ tó fi agent sórí ẹ̀rọ kejì. Kí orúkọ ìwọlé náà má jẹ́ ti gbogbo ọ́fíìsì, àní ọ̀gá gan-an ò nílò rẹ̀. Password alábòójútó tó jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ, ẹ yí i padà. Ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ lè rí ojú ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lójú pópó. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tó sì wà lórí àwọn ẹ̀rọ yẹn ni orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Kì í sì í ṣe olè nìkan. Ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, update kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, dá ẹ̀rọ Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 wólẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Microsoft. Ẹ mú ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti akápò, kó máa kọ́kọ́ gba ohun tuntun. Tí ó bá fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ dáadáa, kí àwọn tó kù gbà á. Àtúntàn ẹ̀rọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà. Tí ẹ̀rọ bá pa ara rẹ̀ tó sì tún ara rẹ̀ tàn nígbà tí wọ́n ń kọ owó sílẹ̀, wọn ò ní gbà kí ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

* * *

*"Ẹ ṣé gan-an. Ìkòyí-Ilé ńkọ́? Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò sì dáa rárá. Kí ni kí n sì sọ fún ọ̀gá tó bá ní òun ò ní owó?"*

Fún ẹ̀rọ mẹ́rin, ẹ má fi ipá mú irinṣẹ́ kankan. Ẹ fi agent síbẹ̀ kí ẹ lè máa rí ohun tó wà lórí wọn nígbàkígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mí. Ohun tó bá tóbi, ẹ mú fláàṣì lọ. Ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ ni pé àwọn àṣẹ tí ẹ ti kọ pamọ́ yẹn, ẹ ó kó wọn sínú fáìlì kan lórí fláàṣì náà, ẹ tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì bọ́ síta lọ mu omi.

Ọ̀gá yín ní òun ò ní san dọ́là, ẹ bá a fara mọ́ ọn. Náírà ni kí ẹ béèrè. Ínfátà kékeré kan fún ráútà àti ẹ̀rọ tó ń pa setup mọ́ ní Tákíè, òmíràn ní Ọ̀yọ́, kí méjèèjì má tẹ̀lé jẹ́n kú. SSD (dírẹ́fù tó yára) fún àwọn ẹ̀rọ tó ń pẹ́ kó tó tàn, torí ẹ̀rọ tó ń fi ìdajì wákàtí tàn kò ní ráyè gba update kí wọ́n tó pa jẹ́n. Kí ẹ sì kọ gàdàgbà sí ara ẹ̀rọ tó ń pa setup mọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ láti fi ṣájì fóònù, wọ́n á yọ ọ́ o. Tí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, ẹ ra Pro fún ẹ̀rọ méjì tí akápò àti akọ̀wé ń lò kí ẹ lè tan BitLocker, tó ń ti fáìlì pa mọ́ olè, lórí wọn, torí àwọn yẹn ni wọ́n ń gbé lápútọ́ọ̀pù lọ sílé.